Oníkẹ̀kẹ́ Tó Ra Ilé

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ooru oṣù Keje bá mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé mi á máa kérora bí arúgbó, mo máa ń jókòó wo fíìmù kan náà. Do the Right Thing ni, tí Spike Lee gbé jáde ní 1989. Èkó ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, lórí kásẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ̀gbọ́n mi yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó kù sí mi lórí lọ́jọ́ náà ni ariwo, èébú, àti iná tó jó ṣọ́ọ̀bù píísà. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mi ò kà sí rárá. Ojú mi rí i, ọkàn mi ò rí i. Ó dìgbà tí mo kó dé Brooklyn, tí mo sì gbé ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kí n tó mọ̀ pé òun gan-an ló yẹ kí n máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà. Òpópónà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni, ọjọ́ tí ooru fẹ́ sè èèyàn jinná. Kò sí ẹnì kan tó ni ìtàn náà. Mookie, tí Spike Lee fúnra rẹ̀ ṣe, ń gbé píísà kiri. Bó ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíì là ń mọ àwọn ará àdúgbò. Da Mayor, bàbá ọlọ́tí tí gbogbo ayé ń bú tí kò sì bú ẹnikẹ́ni padà, ń rìn gbéregbère láti ìkángun kan sí èkejì. Ossie Davis ló ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ nílé, Ruby Dee, ló ṣe Mother Sister, ìyá tó jókòó sójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ìlú, tí kò sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní rí. Radio Raheem gbé rédíò tó tóbi ju àpótí aṣọ lọ dání. Samuel L. Jackson wà lẹ́yìn gíláàsì ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan, ó ń wo ìta, ó ń sọ ohun tó rí. Àwọn àgbà mẹ́ta sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pupa kan, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dá ẹjọ́ gbogbo ayé.

Bó o bá dàgbà nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń pín bálùwẹ̀ kan lò l'Ékòó, o ti mọ gbogbo wọn. Ọjọ́ tí NEPA bá múná lọ, tí yàrá ò ṣeé gbé, bẹ́ẹ̀ náà la máa ń tú jáde: ìyá kan lórí àpótí, bàbá kan pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, àwọn onídíráfù pẹ̀lú ẹnu wọn. Àtẹ̀gùn iwájú ilé ni ti Brooklyn. Àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbà wọlé lásán. Ìdí ayò ni, ilé ẹjọ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ náà ni.

Oníkẹ̀kẹ́ wa wàyí. Clifton lorúkọ rẹ̀, òyìnbó ni, John Savage ló ṣe é. Ṣẹ́ẹ̀tì Larry Bird ló wọ̀, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ fún Boston Celtics, ẹgbẹ́ tó ń bá ti New York figagbága, ìyẹn ni pé ó ti ṣẹ̀ kó tó la ẹnu. Buggin' Out, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà Air Jordan funfun tí kò tíì mọ ilẹ̀. Ni Clifton bá kọlù ú bó ṣe ń mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, bàtà náà gba àbàwọ́n. Kíá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti pé lé e. Bàtà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ ilé. Buggin' Out fẹ́ mọ ẹni tó rán an níṣẹ́ kó wá ra ilé sí òpópónà òun. Clifton ní òun lòun ni ilé náà, kò sì sí òfin tó ní kí èèyàn má gbé ibi tó wù ú. Wọ́n ní kó padà sí Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Boston wà. Ó ní Brooklyn gan-an ni wọ́n bí òun sí. Gbogbo wọn figbe ta bí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà. Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn, ó wọlé, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó wá ń dùn mí nínú rẹ̀ báyìí ni ohùn ọkùnrin yẹn. Kò pariwo. Gbogbo àwọn yòókù ń lọgun pé tèmi ni, tiwa ni, òpópónà mi, apá ọ̀dọ̀ mi. Òun nìkan ló sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí pé ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó o bá padà wo gbogbo fíìmù náà pẹ̀lú etí yẹn, wàá rí i pé ìjà ta ló ni ín ni láti òkè délẹ̀. Sal tó ń ta píísà ní ọwọ́ òun lòun fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, òun ló sì máa pinnu àwòrán tí yóò wà lára ògiri rẹ̀. Àwọn ọmọ Ítálì tó wà l'Amẹ́ríkà nìkan ló sì gbé kọ́. Buggin' Out ní owó àwa dúdú ló ń wọ àpótí rẹ, gbé àwòrán tiwa náà kọ́. Bó bá di alẹ́, Sal àtàwọn ọmọ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wakọ̀ lọ sílé wọn ní Bensonhurst. Àwọn àgbà mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ògiri ń wo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kòríà níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn wọ̀nyí kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú ilé tí a fi pákó kàn pa láti ọjọ́ yìí, àwa sì ń wò. Ó búra pé inú òun á dùn bí àwa náà bá ṣí tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ṣí i nínú wọn, ó mọ̀, wọ́n mọ̀.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ohun tí àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn kan ń bẹ̀rù ni pé àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú máa jáde nínú sinimá, wọ́n á sì máa da ìlú rú. Kò sí ìlú kankan tó dàrú. Títí dòní, ìbéèrè tí wọ́n ń bi Spike Lee ni bóyá ó tọ́ kí Mookie ju agolo ìdọ̀tí wọ fèrèsé Sal lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fún Radio Raheem lọ́rùn pa. Wọ́n bínú nítorí fèrèsé. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n béèrè nípa Clifton.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ruth Glass ló dá ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún kí olówó máa ra àdúgbò mọ́ tálákà lọ́wọ́ sílẹ̀ ní 1964: gentrification. Àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ ní London tí àwọn ọlọ́là ń rà mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wò nígbà náà. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. À ń sọ pé àdúgbò ti gbówó lórí, gbogbo ayé sì ti mọ ẹni tó máa kó jáde.

Kì í ṣe pé Bedford-Stuyvesant, àdúgbò Brooklyn tí fíìmù náà ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ń gé kúrú sí Bed-Stuy, ṣàdédé gbówó lórí. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba kan tó ń rí sí owó tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi ra ilé ya máàpù àwọn ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun àwọn àdúgbò tí wọ́n ní ó léwu láti yá ní owó. Wọ́n kun Bed-Stuy ní pupa. Báńkì dáwọ́ dúró. Àwọn dúdú tó ti Gúúsù wá, àtàwọn tó ti erékùṣù Caribbean wá, ra àwọn ilé brownstone ibẹ̀, ilé alájà tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ ilẹ̀ bo iwájú rẹ̀, lọ́nà tó le koko, wọ́n pín yàrá fún ayálégbé kí wọ́n lè san gbèsè, wọ́n tún àtẹ̀gùn ṣe lọ́wọ́ ara wọn. Robert Kennedy àti Jacob Javits, sẹ́nétọ̀ méjì New York, tì wọ́n lẹ́yìn tí àjọ kan fi dìde ní 1967 láti mú àdúgbò náà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni oògùn olóró kọ lu ìlú. Àwa máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni àwọn kan fi la ògiri yẹn, kí aláǹgbá tó dé.

Aláǹgbá náà ti wọlé dáadáa. Láàárín 2010 sí 2020, iye àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Bed-Stuy dín kù pẹ̀lú èèyàn tó ju 20,000 lọ. Àwọn tó sì nílé pàápàá ò sùn. Wọ́n ń lẹ bébà mọ́ òpó iná pé a ń ra ilé, owó wà nílẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀tàn gba ìwé ilé lọ́wọ́ àgbàlagbà: wọ́n á ní ìwé ìrànlọ́wọ́ ni kó fọwọ́ sí, kó tó mọ̀, ó ti fi ilé rẹ̀ tọrẹ. Ó pọ̀ débi pé ìpínlẹ̀ New York sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn gbangba ní 2024. Ìwé kan náà ni, àbí? Nínú fíìmù, ẹni tó ní ìwé ń wọlé lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ní Brooklyn lónìí, ẹni tó ní ìwé tó bá ti darúgbó, ẹ̀rù ìwé yẹn ló ń bà á.

Ó yẹ kí n dé orí tèmi.

Ní 2013 ni mo kó dé Hancock Street, sí yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé brownstone kan. Obìnrin kan wà lórí àjà kejì tí mo ń pè ní Ìyá Òkè nínú ọkàn mi. Lójú rẹ̀, Ma ni. Òun ń pè mí ní Nigeria. South Carolina ló ti wá nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ti gbé ilé yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ kejì tí mo dé ló pè mí wá sórí àtẹ̀gùn, ó bi mí orúkọ, iṣẹ́, ìjọ, ó sì bi mí bóyá ìyá mi mọ̀ pé mi ò wọ ẹ̀wù òtútù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé ilá wá. Wọ́n máa ń fi tòmátì sè é, wọ́n á sì rí i dájú pé kò fà. Mo sọ fún un pé ilá tí kò bá fà, ẹ̀fọ́ lásán ni. Ó ní ilá tó bá fà, àìsàn ni. Ọdún mẹ́rin la fi ja ìjà yẹn. Nígbà tí mo se tèmi fún un, ó fi ṣíbí gbé e sókè, ó wò ó bó ṣe ń yọ̀ sílẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú fún orílẹ̀-èdè yín. Ó jẹ ẹ́ tán.

Onílé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tà á fún ilé iṣẹ́ kan tí a ò rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ní New York, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1974 tó sì ní ìyẹ̀wù mẹ́fà sókè ni òfin tó ń kó owó ilé níjàánu sábà máa ń dáàbò bò. Ìyẹ̀wù mẹ́rin ni tiwa. Nígbà tí ìwé àdéhùn Ìyá Òkè parí, wọ́n fi iye tuntun ránṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tó ń san. Kò sọ fún mi. Èmi ò sì béèrè, nítorí pé ibi iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga, àárọ̀ ni mò ń jáde, alẹ́ ni mò ń wọlé. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo rí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló wá kó o lọ sí Gúúsù. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n máa jẹun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ajẹ́ǹtì pè mí. Ó ní ìyẹ̀wù òkè ti ṣe tán, wọ́n ti ha pákó ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti tún ilé ìdáná ṣe, ayálégbé àtijọ́ bíi tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi lọ̀.

Mo gbà á.

Mo ti gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yẹn kí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè sọ pé bí n kò bá gbà á, ẹlòmíì á gbà á, òótọ́ ni. Mo lè sọ pé kì í ṣe èmi ni mo lé e. Òótọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gòkè ni àwọn àgbà tó ń jókòó lọ́wọ́ òdì kejì ọ̀nà ti ń kí mi lọ́nà mìíràn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n á dá mi lóhùn tán, wọ́n á wo ibòmíì. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo fíìmù yẹn, mo ti gbà pé ọ̀dọ̀ Buggin' Out ni mo dúró sí, nínú àwọn tó yí oníkẹ̀kẹ́ ká. Mo dúdú. Ahọ́n mi wúwo. Mi ò ní ṣẹ́ẹ̀tì Boston. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èèyàn lè jẹ́ oníkẹ̀kẹ́ láìní kẹ̀kẹ́.

Ó kéré tán, wọ́n bí Clifton ní Brooklyn.

Mi ò rò pé Spike Lee fúnra rẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ó sọ̀rọ̀ ní Pratt Institute, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Brooklyn, ó sì fi ìbínú bú àwọn tó ń ya wọ Bed-Stuy àti Fort Greene, àdúgbò Brooklyn mìíràn, bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ rí ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bill Lee, tó kọ orin fíìmù yìí, ra ilé sí Fort Greene ní 1968. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ta báàsì onígi ńlá rẹ̀ nínú ilé yẹn. Ní 2013, àwọn aládùúgbò tuntun pe ọlọ́pàá sí i nítorí orin. Ẹni tó nílé, tó níwèé, tó sì ti pẹ́ jù wọ́n lọ! Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi gbóná fún un. Síbẹ̀, Manhattan ni Spike Lee fúnra rẹ̀ kó lọ, sí Upper East Side, láàárín àwọn olówó. Mi ò fi bú u. Bí èèyàn bá rí já jẹ, yóò kó lọ síbi tó bá wù ú, bí Clifton ṣe wí.

Fíìmù náà pàápàá wọ àdúgbò bí olówó ni. Lọ́dún 1988, wọ́n gba òpópónà kan, Stuyvesant Avenue láàárín Quincy àti Lexington. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù Sal àti ti àwọn ará Kòríà sórí ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n kun ògiri ní pupa kí ooru lè hàn lójú. Wọ́n mú àwọn Fruit of Islam, ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú Nation of Islam, wá láti lé àwọn tó ń ta oògùn olóró kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù Sal, wọ́n lọ. Ní 2015 ni ìlú fi orúkọ fíìmù náà sọ òpópónà yẹn: Do the Right Thing Way.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin A ní Utica Avenue, mo fẹsẹ̀ rìn gba Macon, Halsey, Hancock tèmi, Putnam, Gates. Ilé méjì nínú mẹ́ta ni àtẹ̀gùn wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Lábẹ́ àmì orúkọ òpópónà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ń ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n ya àwọn méjèèjì pọ̀. Mo yà wọ́n. Bàbá kan tó ń fọ mọ́tò rẹ̀ nítòsí ń wò wá, ó bi mí bóyá ọmọ ibẹ̀ ni mí. Mo ní Hancock Street ni mò ń gbé.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́," ló sọ, ó sì tún rẹ kànrìnkàn rẹ̀ bọ omi.

Ìyá Òkè ṣì ń pè mí nígbà Kérésìmesì. Kò béèrè ìyẹ̀wù tí mo wà báyìí rí, mi ò sì sọ. A máa ń jà lórí ilá. Lẹ́tà rẹ̀ ò yéé wọ àpótí ìsàlẹ̀ ilé: ti ilé ìwòsàn, ti ìjọ, èyí tó ṣe pàtàkì ni mò ń fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó kù wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná tí wọ́n tún ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó ń ra ilé. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i gbangba, orúkọ àti orúkọ bàbá, pẹ̀lú lẹ́tà tó dà bí ẹni pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ń kí i gẹ́gẹ́ bí onílé, wọ́n ń bi í bóyá ó ti ṣe tán láti tà.